Ara ló kúrò nílé ni, àbí ohùn? Àlàyé lórí Googoosh, olórin Páṣíà

Bí ẹ bá bi èèyàn mẹ́wàá léèrè pé ta ni Googoosh, àwọn tó bá mọ̀ ọ́n nínú wọn á sọ pé olórin obìnrin ará Ìránì kan ni, tó sá lọ sí Amẹ́ríkà nígbà tí àwọn àlùfáà Mùsùlùmí gba ìjọba lọ́dún 1979. Ọ̀rọ̀ náà jọ òótọ́, torí bẹ́ẹ̀ gan-an ló ṣe rí fún ọ̀pọ̀ olórin ilẹ̀ náà. Àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀ fún Googoosh. Òkè òkun ló wà nígbà tí ìjọba ń dojú dé. Ilé ló padà sí. Ọdún 21 ló sì fi jókòó sílé láìkọrin ní gbangba, kó tó di pé ó jáde níbẹ̀ lọ́dún 2000.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ń dàrú mọ́ èèyàn lójú. Òyìnbó ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "exile", tó fi ń kó gbogbo irú èèyàn bẹ́ẹ̀ pọ̀. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. A ní ìsáǹsá, ẹni tó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. A ní àtìpó, ẹni tó ń gbé lórí ilẹ̀ onílẹ̀. A sì ní ẹni ìgbèkùn, tí wọ́n mú mọ́lẹ̀ tí kò rójú ara rẹ̀. Tí a bá fi ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wo obìnrin yìí, ìtàn rẹ̀ á yé wa kíákíá. Googoosh kì í ṣe ìsáǹsá. Ẹni ìgbèkùn ló kọ́kọ́ jẹ́, nínú ilé ara rẹ̀, kó tó wá di àtìpó. Ohùn rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ lé kúrò nílùú; ẹ̀yìn ọdún 21 ni ara tó bá ohùn lọ.

Kí n tó tẹ̀ síwájú, ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ Páṣíà àti Ìránì kúrò lọ́nà. Ẹni tó bá ka Bíbélì á rántí Páṣíà nínú ìwé Ẹ́sítérì àti ti Dáníẹ́lì. Ilẹ̀ yẹn náà ló ń jẹ́ Ìránì lónìí; ọdún 1935 ni ìjọba wọn ní kí àwọn àjèjì máa fi orúkọ tí àwọn fúnra wọn ń pe ara wọn pè wọ́n. Ṣùgbọ́n gbogbo ará Ìránì kọ́ ni ọmọ Páṣíà. Àwọn Kurd wà níbẹ̀, àwọn Lárúbáwá wà níbẹ̀, àwọn Baloch, àwọn Armenia, àti àwọn Azerbaijan tí èdè wọn bá ti Tọ́kì tan. Èdè Páṣíà, tí wọ́n ń pè ní Farsi, sì kọjá ẹnubodè Ìránì: wọ́n ń sọ ọ́ ní Afghanistan, wọ́n ń sọ ọ́ ní Tajikistan. Torí náà, tí a bá pe ẹnìkan ní olórin Páṣíà, èdè tó fi ń kọrin là ń sọ. Googoosh fúnra rẹ̀, Azerbaijan ni àwọn òbí rẹ̀ ti ṣí wá, lábẹ́ ìjọba Soviet. Ẹni tí gbogbo ayé ń pè ní ohùn Páṣíà, Páṣíà kọ́ ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Tehran, olú-ìlú Ìránì, ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 1950. Googoosh ni wọ́n ń pè é nílé. Orúkọ àwọn ará Armenia ni, ọkùnrin ni wọ́n sì sábà máa ń fi í pè. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé ìjọba tó ń kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀, onítọ̀hún kọ̀ jálẹ̀, ó ní kí wọ́n mú orúkọ tí ìwé ìjọba lè gbà wá. Bó ṣe di Faegheh Atashin nìyẹn. Orúkọ ilé àti orúkọ ìwé kò ṣàjèjì sí èmi àti ẹ̀yin tí à ń ka àlàyé yìí, àbí? Tiẹ̀ ni pé orúkọ tí akọ̀wé yẹn kọ̀ ni gbogbo orílẹ̀-èdè wá mọ̀ ọ́n sí. Ẹni tó ń pè é ní Faegheh kò tó nǹkan.

Eléré ni bàbá rẹ̀, Saber. Ó ń tàkìtì, ó ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín lórí ìtàgé. Òun àti ìyá ọmọ náà kò pẹ́ tí wọ́n fi tú ká, bàbá sì ń gbé ọmọ lọ síbi iṣẹ́. Ibẹ̀ ló ti rí i pé ọmọ yìí ń sín àwọn olórin jẹ láìṣi ohùn kan gbé. Ni bàbá bá gbé e jáde sí iwájú èrò. Ọmọ bí ọdún 3 ni nígbà náà. Láti ìgbà yẹn ni owó orin rẹ̀ ti ń bọ́ ilé. Ó bọ́ sínú sinimá nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 10. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbé báàgì lọ sí ilé-ìwé, òun ti mọ bí wọ́n ṣe ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà tí kò fẹ́ san. Èyí tí mo sọ gbẹ̀yìn yìí, ti ẹnu mi ni o, mi ò rí i kà níbì kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ọmọ eléré á mọ̀ pé irọ́ kọ́.

Láàárín ọdún 1970 sí 1978, kò sí obìnrin tó lókìkí tó o ní Ìránì. Ẹ má fi ojú olórin nìkan wò ó. Tó bá gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, àwọn obìnrin Tehran á lọ bá onígèrún, wọ́n á ní kó gé tàwọn bíi ti Googoosh. Tó bá wọ yẹ̀rì tí kò dé orúnkún, a jẹ́ pé aṣọ ọdún náà nìyẹn. Àwọn akéwì tó mọ iṣẹ́ wọn níṣẹ́ ló ń kọ ọ̀rọ̀ orin fún un: Shahyar Ghanbari, Ardalan Sarfaraz, Iraj Jannati Ataie. Varoujan, ọmọ Armenia kan tó kú lọ́dún 1977, wà lára àwọn tó ń to ohun èlò orin sí i. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni wọ́n ń pè ní pọ́ọ̀pù Páṣíà: ohùn tó ń dún bí arò ilẹ̀ wọn, tó ń yí lọ tó ń yí bọ̀, tí wọ́n wá gbé lé orí gìtá, fèrè àti fayolíìnì bíi ti Faransé àti Ítálì. Àwọn kan á ní àwòkọ ni. Èmi ò gbà. Àwòkọ kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu èèyàn.

Àwọn fídíò tẹlifíṣọ̀n ayé ìgbà náà ṣì wà lórí YouTube. Ẹ wo ọ̀kan. Kì í fò, kì í sáré ká orí ìtàgé. Kamẹ́rà á sún mọ́ ojú rẹ̀ títí ojú yóò fi kún gbogbo gíláàsì, á wá di ìpéǹpéjú, á jẹ́ kí orin dúró fún ìṣẹ́jú àáyá kan kó tó jù ú sílẹ̀. Èèyàn kò nílò láti gbọ́ Farsi kó tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀ ló ń sọ.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n tàn yín pé ọ̀run ni ilẹ̀ yẹn nígbà ayé ọba wọn, tí wọ́n ń pè ní Shah. Àwọn ọlọ́pàá inú rẹ̀, SAVAK, ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ orin lójú méjèèjì. Dariush, olórin ọkùnrin tó jẹ́ ẹgbẹ́ Googoosh, dé ẹ̀wọ̀n nítorí orin nígbà náà. Àwọn olórin ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi òwe bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ kí àwọn àlùfáà tó dé.

Oṣù Kejì ọdún 1979 ni ìjọba Shah wó pátápátá. Nígbà tó di oṣù Keje ọdún yẹn, Ayatollah Khomeini, olórí àwọn àlùfáà tó gba ìjọba, sọ̀rọ̀ lórí orin tí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ń gbé jáde. Ó ní kò yàtọ̀ sí ópíọ́mù tó ń ra ọpọlọ ọ̀dọ́ níyè, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ilé ijó tì. Ilé iṣẹ́ tó ń tẹ àwo orin tì. Olórin tó lè sá ti ń sá. Àkókò yìí gan-an ni Googoosh, tó wà ní Amẹ́ríkà nígbà tí rògbòdìyàn bẹ̀rẹ̀, wọkọ̀ òfuurufú padà sí Tehran.

Èmi ti ro ọ̀rọ̀ ìpadàbọ̀ yìí títí. Kò tíì ju ẹni ọdún 29 lọ. Orúkọ rẹ̀ kò farasin, kò sì sí aṣọ tó lè fi bo irun tí gbogbo ìlú ti mọ̀. Bóyá ó rò pé kò ní pẹ́ tí nǹkan á fi rọlẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò bẹ́ẹ̀ lọ́dún náà, títí kan àwọn tó ti ilẹ̀kùn ilé wọn tí wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ dání lọ sí òkè òkun.

Òfin tó pa á lẹ́nu mọ́ ń fẹ́ àlàyé, torí àwọn èèyàn máa ń ṣì í sọ. Ìránì kò fòfin de orin lápapọ̀, kò sì sọ pé obìnrin ò gbọdọ̀ la ẹnu kọrin rárá. Ohun tí wọ́n kà léèwọ̀ ni kí obìnrin dá nìkan kọrin níbi tí ọkùnrin tí kì í ṣe ìbátan rẹ̀ ti ń gbọ́. Ilé iṣẹ́ ìjọba kan ló ń rí sí i, Ershad ni wọ́n ń pè é. Àwọn ló ń yẹ ọ̀rọ̀ orin wò, tí wọ́n ń yẹ ohùn wò, kí wọ́n tó fún èèyàn níwèé àṣẹ. Obìnrin lè kọrin fún obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn tí ọkùnrin kò wọ̀. Ó tún lè bá àwọn ẹlòmíì gbe orin. Àwọn ẹgbẹ́ olórin wá dá ọgbọ́n sí i: obìnrin á máa kọrin, ọkùnrin kan á dúró ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á máa fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tẹ́ orin kan náà nísàlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i sọ pé ohùn obìnrin dá wà. Tẹlifíṣọ̀n ìjọba tiẹ̀ tún yà tirẹ̀ sọ́tọ̀. Wọn kì í fi ohun èlò orin hàn níbẹ̀. Ẹ ó máa gbọ́ gìtá kedere, òdòdó inú ìkòkò lẹ ó máa wò.

Ó yẹ kí n fi kún un pé ìtumọ̀ tí àwọn àlùfáà Ìránì fún òfin ẹ̀sìn nìyẹn. Gbogbo onímọ̀ Ìsìláàmù kọ́ ló gbà bẹ́ẹ̀. Yorùbá tó dàgbà sínú wákà, tó mọ Batile Alake àti Salawa Abeni, kò ní ṣòro fún láti lóye ìdí tí àríyànjiyàn fi wà lórí ẹ̀.

Nínú ọdún 21 yẹn, Googoosh kò kọrin síta, kò bá oníròyìn sọ̀rọ̀. Ìgbé ayé inú ilé ló ń gbé. Lọ́dún 1991 ó fẹ́ Masoud Kimiai, ọkùnrin kan tó ń darí fíìmù. Àmọ́ ohùn rẹ̀ kò jókòó sílé. Kásẹ́ẹ̀tì ló ń gbé e rìn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì méjì, ẹ mọ bó ṣe ń ṣe é: ẹ ki ògbólógbòó sí apá kan, òfìfo sí apá kejì, ẹ tẹ bọ́tìnnì méjèèjì pọ̀. Ẹni tó gba ti yín á tún da tirẹ̀ kọ. Nígbà tó bá dé ọwọ́ ẹnì kẹwàá, ariwo ṣíín tó wà lórí rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ bo orin mọ́lẹ̀. Abẹ́ ìjókòó ọkọ̀ ni wọ́n ń tọ́jú ẹ̀ sí, nígbà tí wọ́n bá ń sún mọ́ ibi tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ti ń yẹ ọkọ̀ wò. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ọdún 1979 mọ orin rẹ̀ sórí, wọn ò sì tíì rí i kó kọ ọ́ rí. Ní Kabul ní Afghanistan àti Dushanbe ní Tajikistan náà, wọ́n ń gbọ́ ọ.

Ẹ wá fi Hayedeh, olórin obìnrin Ìránì mìíràn, wé e. Ohùn Hayedeh wúwo ju ti Googoosh lọ, orin àtijọ́ ilẹ̀ wọn ló sì fi kọ́ iṣẹ́. Òun kúrò ní Ìránì kí ìjọba tó ṣubú, ó gbé Ìlú Ọba, ó gba ibẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Ó ń kọrin lọ́sàn-án lóru. Orin àárò ilé tó kọ ní California wọ Tehran lábẹ́lẹ̀, àwọn tó wà nílé ń fi sunkún àwọn tó wà lóde. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kìíní ọdún 1990, ọkàn rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni ọdún 47 ni. Los Angeles ni wọ́n sin ín sí. Hayedeh ní ohùn, kò ní ilé. Googoosh ní ilé, kò ní ohùn. Tí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan, mi ò mọ èyí tí mo fẹ́ mú.

Ìlú tí wọ́n sin Hayedeh sí yìí ni ojú ọjà orin Páṣíà láti ìgbà náà. Àwọn ará Ìránì pọ̀ níbẹ̀ débi pé wọ́n fi Tehran lu Los Angeles pọ̀, wọ́n ń pè é ní Tehrangeles. Ojú ọ̀nà Westwood ni àwọn ilé ìtàwé wọn, ilé oúnjẹ wọn àti ìsọ̀ kásẹ́ẹ̀tì wọn tò sí. Ibẹ̀ ni àwọn ilé iṣẹ́ bíi Caltex Records àti Taraneh ti ń gbé àwo jáde. Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í fi sátẹ́láìtì rán orin padà sílé. Ìjọba Ìránì fòfin de àwo sátẹ́láìtì. Àwọn èèyàn ń gbé e sórí òrùlé, ọlọ́pàá ń gun òkè wá kó o, wọ́n tún ń ra òmíràn.

Àmọ́, báwo ni olórin tó wà nílẹ̀ àjèjì ṣe ń jẹun? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà, kò sì sẹ́ni tó máa ń bi í. Àwọn tó ń gbọ́ olórin Tehrangeles jù, inú Ìránì ni wọ́n wà. Ìránì kò sí nínú àdéhùn àgbáyé tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ olórin lórí iṣẹ́ rẹ̀. Kọ́bọ̀ kan kò lè ti ibẹ̀ wá. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún lè máa da orin èèyàn kọ lójoojúmọ́, kí olórin máà rí owó ilé san. Ohun tó ń bọ́ wọn ni agbo: ìgbéyàwó, gbọ̀ngàn, àti ọdún tuntun wọn, Nowruz, tó máa ń bọ́ sí oṣù Kẹta. Nígbà Nowruz, olórin á fò láti Los Angeles wá sí Dubai, sí Antalya ní Tọ́kì, sí Armenia. Àwọn olólùfẹ́ á gba Tehran wá pàdé wọn níbẹ̀. Ará Ìránì kò nílò físà kó tó wọ Tọ́kì tàbí Armenia. Ẹ̀bá ẹnubodè ni olórin àti èrò ti ń ríra, bí àna tí wọn ò jẹ́ kó wọlé.

Lọ́dún 1997 wọ́n dìbò yan Mohammad Khatami ní ààrẹ Ìránì, okùn sì dẹ̀ díẹ̀. Pọ́ọ̀pù padà sórí rédíò, ọkùnrin nìkan. Lọ́dún 2000, wọ́n fún Googoosh níwèé ìrìnnà. Kánádà ló lọ. Ní oṣù Keje ọdún náà ló gun orí ìtàgé ní Air Canada Centre ní Toronto, níwájú èrò tó tó 12,000. Àwọn kan wakọ̀, àwọn kan wọ ọkọ̀ òfuurufú láti Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Ọmọ ọdún 28 ni nígbà tí wọ́n rí i kẹ́yìn níbi tó ti ń kọrin. Obìnrin ẹni ọdún 50 ló jáde wá bá wọn. Àwọn èrò yẹn náà ti darúgbó. Mo rò pé ara ohun tí wọ́n ń sunkún lé lórí lálẹ́ ọjọ́ náà nìyẹn.

Ó gbé àwo tuntun jáde lọ́dún yẹn, ó pè é ní Zartosht, orúkọ wòlíì àtijọ́ ilẹ̀ Páṣíà. Ó rìn káàkiri ayé, ó sì parí ìrìn àjò náà ní Dubai nígbà Nowruz ọdún 2001, níbi tí omi kan ṣoṣo ti yà á sọ́tọ̀ sí ilé. Kò tún padà wọ Ìránì mọ́. Ẹni tó ti kọrin lójú ayé kò lè padà síbi tí orin náà ti jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Àtìpó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ọdún 21 lẹ́yìn èyí tí àwọn èèyàn ń kà fún un.

Lọ́dún 2010 ó bẹ̀rẹ̀ ètò kan lórí tẹlifíṣọ̀n Manoto tó ń gbé jáde láti London, níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ lórin tí wọ́n sì ń díje. Ìdíje tí mi ò lè gbàgbé ni ti ọdún 2013. Ermia ló gbégbá orókè, obìnrin tó borí pẹ̀lú híjáàbù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀rọ̀ náà dá ìjà sílẹ̀ nígun méjèèjì. Àwọn tó sá fún híjáàbù ní kí ló ń wá lórí ìtàgé àwọn. Àwọn olùfọkànsìn ní kí ló ń wá lórí ìtàgé rárá. Ọmọbìnrin náà ṣáà ń kọrin.

Nígbà tí Mahsa Amini kú sọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ ìmúra obìnrin ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, Googoosh wà lára àwọn tó gbẹ́nu sókè fún àwọn tó ń fẹ̀hónú hàn. Àmọ́ orin ọjọ́ náà kò ti òkè òkun wá. Shervin Hajipour, ọ̀dọ́kùnrin tó wà nílé, ló kó ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn kọ sórí Twitter jọ, tó fi ohùn sí i. Wọ́n mú un. Oṣù Kejì ọdún 2023, orin náà gba àmì ẹ̀yẹ Grammy.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, obìnrin kan tó ń jẹ́ Parastoo Ahmadi lọ sí ilé èrò àtijọ́ kan, irú èyí tí àwọn oníràkúnmí máa ń sùn sí láyé ọjọ́un. Ó wọ aṣọ dúdú tí kò ní apá, kò borí. Àwọn ọkùnrin mélòó kan ń lo ohun èlò orin lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí òǹwòran kankan níbẹ̀, àga kan ò sí níwájú wọn. Ó dá nìkan kọrin, ó gbé e sórí YouTube, ọlọ́pàá sì mú un kí ọ̀sẹ̀ tó parí, kí wọ́n tó dá a sílẹ̀. Ẹni ọdún 27 ni. Nígbà tí Googoosh ń kọrin ní Toronto, kò tíì ju ọmọ ọdún 3 lọ, ọjọ́ orí tí Saber fi gbé ọmọ tirẹ̀ síwájú èrò.